Àwọn Tí Ó Kù Lẹ́nu Iṣẹ́

Nígbà tí a bá gbọ́ pé a dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró níbì kan, àwọn tí a lé lọ ni a máa ń bá kẹ́dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni ń béèrè àlàáfíà ẹni tí ó kù sídìí tábìlì? Ohun tí tọmọdé-tàgbà ń wí fún un ni pé kí ó dúpẹ́. Yóò dúpẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dúpẹ́ náà ni oorun ń dá lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1975 ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed gba ìjọba, kò sì pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí gbá àwọn òṣìṣẹ́ jáde: àwọn tí a fi ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kàn, àwọn tí a ní wọ́n ti darúgbó tàbí pé iṣẹ́ wọn kò dára mọ́. Àwọn tí ó lọ ju 10,000 lọ, láti ọ́fíìsì ìjọba títí dé ilé ẹjọ́, ọlọ́pàá àti yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí rédíò, láìrí àyè rojọ́. Àwọn mìíràn kò sì rí owó ìfẹ̀yìntì gbà. A kò wí pé kò sí olè láàárín wọn. Ó wà, àwọn ará ìlú sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n a fa àgbàdo tu mọ́ èpò.

Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ó bá wọ iṣẹ́ ìjọba ní ọ̀dọ́ mọ̀ pé, bí òun kò bá ṣẹ̀, òun yóò dàgbà sí i, òun yóò sì jẹ owó ìfẹ̀yìntì. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni ó ń fún akọ̀wé ní ẹnu láti wí fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, òfin kò gba èyí." Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó: àwọn tí ó kù wo òkè àjà, wọ́n sì rí pàṣán. Àwọn kan kò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé kankan mọ́, àfi bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn rò ó pé, bí owó ìfẹ̀yìntì kò bá dájú, ó yẹ kí àwọn tètè fi ọwọ́ ara àwọn pèsè tiwọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí ọ̀ràn náà ni ó gbà pé ìgbálẹ̀ tí a fi ń gbá àbẹ̀tẹ́lẹ̀ jáde tún gbá a wọlé. Ní 1988, òfin mìíràn ní kí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba máa bá ìjọba tí ó yàn án lọ. A ti yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ ìkéde bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Brockner ti Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà ti ń wádìí irú ọ̀ràn yìí láti àwọn ọdún 1980. Ó rí i pé ẹni tí ó kù ń wo bí a ti ṣe sí ẹni tí ó lọ. Bí a bá ṣàlàyé, tí a sì san ẹ̀tọ́, ó lè tún fi ọkàn sí iṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkàn rẹ̀ a bá ẹni náà jáde, ara rẹ̀ nìkan ni yóò kù sí ọ́fíìsì.

Èmi náà ti jókòó nínú ọ́fíìsì kan, tí n kò ní dárúkọ, níbi tí a ti lé mẹ́fà lọ nínú akọ̀wé mẹ́rìnlá. Bàbá tí ń tọ́jú àwọn fáìlì wà lára wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọ̀gá béèrè ìwé kan. A wá a títí, a kò rí i. A ní láti rán ọmọkùnrin kan sí bàbá náà nílé. Bàbá kò bínú. Ó sọ ibi tí ìwé wà, ó sì ní kí ó kí gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà ni olúkúlùkù àwa tí ó kù ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ibi tí ó ń kó ìwé sí pamọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀.