Iye Fólítì Tí Ó Yẹ Ẹ̀rọ Ńlá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àdúgbò Auckland Park ní ìlú Johannesburg ni Yunifásítì Johannesburg fi ṣe ibùjókòó. Ní ìhà gúúsù rẹ̀ ni ilẹ̀ wúrà tí a rí ní 1886 wà. Omi a máa sun sínú ihò ìwakùsà, ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí ni ó sì ń fà á jáde. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ tí kò yí, omi lè kún bá àwọn tí ń bẹ nísàlẹ̀. Nítorí náà, kí a tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, a ní láti bèèrè pé: fólítì mélòó ni kí iná rẹ̀ jẹ́? Èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Fólítì ni a fi ń wọn agbára tí ń ti iná lọ nínú wáyà. Ámpíà ni a fi ń wọn bí iná tí ń ṣàn ti pọ̀ tó. Bí fólítì bá pọ̀, ámpíà díẹ̀ a tó fún iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,000 kílówáàtì. Ní 400 fólítì, yóò gba nǹkan bí 1,750 ámpíà. Ní 3,300 fólítì, nǹkan bí 210. Ní 6,600 fólítì, nǹkan bí 106. Nínú wáyà kan náà, bí ámpíà bá di ìlọ́po méjì, iná tí ń ṣòfò di ooru a di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń gbéra ni wàhálà pọ̀ jù. Bí a bá tàn án tààrà, ó lè gba ìlọ́po márùn-ún sí méje ámpíà tí ó máa ń gbà. Bí wáyà bá gùn, fólítì a dínkù kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Bí ó bá dínkù sí 80 nínú 100, agbára ìyípo ẹ̀rọ a já sí 64 nínú 100, ẹ̀rọ náà sì lè dúró gbagidi, kí ó máa gbóná láìyí. Ihò ìwakùsà Mponeng, ní ìwọ̀-oòrùn Johannesburg, jìn tó nǹkan bí kìlómítà 4. Ẹ wo bí wáyà ibẹ̀ yóò ti gùn tó!

Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè bèèrè pé, èé ṣe tí a kò fi fún gbogbo ẹ̀rọ ní 11,000 fólítì? Ìdí rẹ̀ ni pé bí fólítì ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a fi bo wáyà inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ nípọn sí i, a sì gba àyè tí ó yẹ kí bàbà wà. Ẹ̀rọ kékeré kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi ń tan irú iná yìí, tí a sì fi ń pa á, wọ́n púpọ̀; àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà dájú, nítorí àṣìṣe kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí.

Nítorí èyí, ní Gúúsù Áfíríkà, 400 tàbí 525 fólítì ni ó wọ́pọ̀ fún ẹ̀rọ tí kò tóbi púpọ̀. 3,300, 6,600 àti 11,000 wà fún àwọn ńláńlá. Bí ilé iṣẹ́ kan bá sì ti ní 6,600 fólítì nílẹ̀, ó sàn kí ó ra ẹ̀rọ ńlá tí ó bá a mu ju kí ó tún ra tiransifọ́mà mìíràn lọ.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí a bá di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ láti bèèrè ohun mẹ́ta: báwo ni iṣẹ́ náà ti tóbi tó? Báwo ni wáyà yóò ti gùn tó? Irú iná wo ni ó wà nílẹ̀, ta ni yóò sì tọ́jú rẹ̀?