Ohun Mẹ́ta Kì í Pé Sọ́wọ́ Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi owó rà lóde òní, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ń da ọkàn olùrà láàmú tó kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítorí pé ẹni tí ó bá dìde láti rà á, ohun mẹ́ta ni ó ń wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó ń wá èyí tí ó lágbára tí yóò ṣiṣẹ́ láìmí hẹlẹ, ó ń wá èyí tí ó fúyẹ́ tí kò ní já a léjìká, ó sì ń wá èyí tí kò ní gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí dà bí orogún mẹ́ta nínú ilé kan: bí ọkọ bá gbé ọ̀kan gẹ̀gẹ̀, ojú èkejì a korò, ẹ̀kẹta a sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, a gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí kí ó tó dé ọjà yóò ná owó rẹ̀ síbi tí ó yẹ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun tí ọlọ́jà bá kọ́kọ́ gbé kò ó lójú ni yóò gbé wálé. Ohun tí a sì fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: kí ènìyàn kọ́kọ́ náwó sórí ohun tí kò ṣe é pààrọ̀ mọ́ bí ó bá ti rà á tán, kí ó sì fi ohun tí a lè fi kún un sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú.

Ìjà láàárín agbára, fífúyẹ́ àti owó kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1981, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Adam Osborne gbé kọ̀ǹpútà kan jáde ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, èyí tí ó sọ ní Osborne 1, tí ènìyàn lè pa dé kí ó sì gbé e lọ́wọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Gbígbé náà kì í ṣe gbígbé ọmọdé: ó wọn bíi kìlógíráàmù 11, ojú rẹ̀ kò ju íńṣì 5 lọ, kò sì ní bátìrì nínú, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí iná mànàmáná bá wà nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Dọ́là 1,795 ni wọ́n ń tà á. Ọdún 27 kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, Steve Jobs, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Apple, dúró lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní San Francisco, ó sì fa kọ̀ǹpútà tuntun kan yọ láti inú àpò lẹ́tà bí ẹni fa ìwé yọ. MacBook Air ni, kìlógíráàmù 1.36 ni ó wọn, dọ́là 1,799 ni iye rẹ̀. Iye tí a kọ sára méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìwọ̀n èkejì kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ti èkíní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n yọ kúrò kí ó tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n yọ ibi tí a ń ki àwo CD bọ̀, ihò USB kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n jó mọ́ pátákó inú rẹ̀ tí kò fi ṣe é fi kún láéláé, ó sì ń lọ́ra ju ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí owó wọn kéré sí tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó rà á ti fi agbára ra fífúyẹ́. Ó di oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí Apple kan náà gbé èyí tí ó ní ọpọlọ M1 jáde, kí a tó rí èyí tí kò wọn ju kìlógíráàmù 1.29 lọ, tí kò ní fáànù rárá, tí ó sì lágbára ju ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tóbi jù ú lọ, ní dọ́là 999. Owó náà kò sì tí ì di owó tálákà síbẹ̀. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ló pa á.

Kí ló wá fà á tí agbára àti fífúyẹ́ fi ń kọ ẹ̀yìn sí ara wọn? Ooru ni. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní pírósẹ́sọ̀, ń jẹ iná, gbogbo iná tí ó bá sì jẹ ni ó ń pọ̀ padà di ooru. Láti ọdún pípẹ́ ni ilé-iṣẹ́ Intel ti ń fi lẹ́tà kan parí orúkọ ọpọlọ tí ó bá ṣe: èyí tí lẹ́tà U bá parí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a sì máa ń wọn ooru rẹ̀ sí bíi wáàtì 15; èyí tí lẹ́tà H parí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́ agbára, tí tirẹ̀ sì máa ń tó wáàtì 45. Ooru wáàtì 45 kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ó ń fẹ́ páìpù bàbà tí yóò gbé e kúrò lára ọpọlọ náà, ó ń fẹ́ fáànù tí yóò fẹ́ ẹ síta, ó ń fẹ́ àyè tí atẹ́gùn yóò gbà kọjá, ó sì ń fẹ́ bátìrì ńlá tí yóò máa bọ́ ọ, kò sì sí èyí tí kò wúwo nínú wọn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá gbójú lé ẹwà, tí ó fún irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ mọ́ inú ara tín-ín-rín, kọ̀ǹpútà náà yóò sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ara rẹ̀ yóò gbóná, òun fúnra rẹ̀ yóò sì dẹ ẹsẹ̀ kí ó má baà jóná. Agbára tí a kọ sára páálí rẹ̀ kò ní bá olówó rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀sán kan tán.

Ní ilẹ̀ tiwa yìí, níbi tí iná lè lọ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ ya ọ̀rọ̀ agbára sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ bátìrì. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bátìrì tí ó gba wáàtì-wákàtí 50, bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ wáàtì 10 gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ń kọ lẹ́tà tí ó sì ń ka ìwé ìròyìn, yóò gbé e fún wákàtí 5. Bí ó bá ń jẹ wáàtì 25 gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ń gé fídíò, wákàtí 2 ni. Bẹ́ẹ̀ ni ṣájà kọ̀ǹpútà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í sábà ju wáàtì 65 lọ, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n ní káàdì àwòrán ńlá fún eré-ìdárayá lè tó 180 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ínfátà kékeré tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré ni gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀, kí ó ro èyí dáadáa kí ó tó kó owó sílẹ̀. Agbára tí iná kò lè gbé, orúkọ lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá gba Èkó lọ, Èkó àkéte ilé ọgbọ́n, Arómisá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, kí a yà sí òpópónà Otigba àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká ní Ìkẹjà, níbi tí ọjà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village gbé wà. Ibẹ̀ ni tuntun àti tòkunbọ̀ ti ń gbé pọ̀ lórí àtẹ kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ i5 àti i7, orúkọ àwọn ọpọlọ Intel, ti ń gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pe oníbàárà wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé i7 ní láti ju i5 lọ nígbà gbogbo, níwọ̀n bí 7 ti ju 5 lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e ni ọgbọ́n wà. Bí a bá rí i7-7600U lára kọ̀ǹpútà kan, 7 tí ó ṣáájú lẹ́yìn àmì ìdágbé náà ń sọ fún wa pé ìran keje ni, orí méjì péré (èyí tí wọ́n ń pè ní core) ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí a bá rí i5-8250U, ìran kẹjọ ni, orí mẹ́rin ni ó sì ní. Ọdún 2017 kan náà ni wọ́n gbé méjèèjì jáde. Síbẹ̀ i5 yìí ju i7 yẹn lọ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí síbẹ̀, nítorí pé láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ti ń gba ọpọlọ Intel wọlé, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí ó bá ra ìran keje lónìí nítorí orúkọ i7 ti ra ohun tí ìlẹ̀kùn ti pa mọ́ lẹ́nu.

Nígbà náà, kí ni kò ṣe é pààrọ̀? Ọpọlọ ni àkọ́kọ́, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà alágbèéká òde òní, wọ́n ti jó o mọ́ pátákó. Èkejì ni ìwọ̀n ara rẹ̀. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè sọ kìlógíráàmù 2.5 di 1.3. Ẹ̀kẹta ni ojú rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí a tilẹ̀ lè pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kì í mọ níwọ̀n. Àwọn wọ̀nyí ni kí owó kọ́kọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n dísíkì ìpamọ́ yàtọ̀: bí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bá ní dísíkì àtijọ́, èyí tí àwo inú rẹ̀ sábà ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, a lè yọ ọ́ kí a fi SSD tí kò ní ohunkóhun tí ń yí nínú rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń sùn a sì jí. RAM náà ṣe é fi kún níbi tí ihò rẹ̀ bá wà. Gígábáìtì 8 tó fún ìwé kíkọ àti íntánẹ́ẹ̀tì, 16 sì ni ìrọ̀rùn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wúwo. Kí a ṣáà béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ bóyá ihò náà wà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ti jó RAM tiwọn mọ́ pátákó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, RAM ti bọ́ sínú agbo àwọn ohun tí kò ṣe é pààrọ̀, iye tí a ó lò títí dé òpin ni kí a rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń wọ dáńfò lówùúrọ̀, tí ó ń gun òkè tí ó ń sọ̀, tí ìwé mẹ́ta sì ti wà nínú báàgì rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó bá a níbẹ̀, fífúyẹ́ àti bátìrì ni kí ó wá, kí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ má ju íńṣì 14 lọ, kí ó sì fi ọpọlọ alábọ́ọ́dé tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ayàwòrán tí ń gé fídíò ìgbéyàwó, tí orí tábìlì kan náà ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ló fẹ́ fi fífúyẹ́ ṣe? Kí ó ra èyí tí ó wúwo, tí ó ní káàdì àwòrán àti ojú íńṣì 15.6, kí owó tí ì bá fi ra ara tín-ín-rín di owó RAM. Ìyá oníṣòwò tí ń ka owó ọjà tí ó sì ń tẹ ìwé ẹ̀rí ìsanwó fún àwọn oníbàárà kò nílò ju kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n lọ. Ohun tí ń ba owó jẹ́ jù ni pé ènìyàn a rí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, a sì ní irú rẹ̀ gan-an ni òun ń fẹ́, láìbéèrè iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ ń fi í ṣe. A kì í fi ago aláago ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Òkè òkun ni àwọn ohun èlò wọ̀nyí ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà wọ́n wọlé, ìdí nìyẹn tí iye wọn fi fò sókè lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀: tuntun olówó pọ́ọ́kú, tàbí tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe dáadáa ní ọjọ́ tirẹ̀. Tuntun olówó pọ́ọ́kú a máa dán, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ọpọlọ Celeron tí agbára rẹ̀ kéré ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìpamọ́ gígábáìtì 64 tí kò ṣe é yọ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa rẹ̀ ẹ́. Tòkunbọ̀ bíi ThinkPad, Latitude tàbí EliteBook, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ṣe wọ́n fún láti fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ara wọn le, ìdérí wọn kì í tètè yẹ̀, ohun èlò àtúnṣe wọn sì wà káàkiri ọjà. Ní èrò tiwa, bí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá jìnnà jù, tòkunbọ̀ yìí sàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kí a tó sanwó, kí a fi ojú àti ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a ṣí ìdérí rẹ̀ kí a tún pa á dé, kí a mọ̀ bóyá ó ń mì. Kí a tẹ gbogbo bọ́tìnnì orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a jẹ́ kí ojú rẹ̀ funfun gbòò, kí a lè rí ìlà tàbí àbàwọ́n tí ó bá fara pamọ́. Kí a pa á kí a tún un tàn, kí a rí i dájú pé kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ilé-iṣẹ́ tí ó ti ni ín rí. Lẹ́yìn náà, kí a ṣí ojú ìwé àṣẹ Windows (Command Prompt), kí a tẹ powercfg /batteryreport síbẹ̀. Ìwé kan yóò jáde tí yóò kọ iye tí bátìrì náà ń gbà nígbà tí ó wà ní tuntun, àti iye tí ó ń gbà báyìí. Bí ó bá jẹ́ 50,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó wá di 25,000, ìlàjì ẹ̀mí rẹ̀ ti lọ, a sì ti rí ohun tí a ó fi bẹ ọlọ́jà kí ó dín owó kù.

Ìbéèrè tí ọlọ́jà sábà fi ń pàdé ènìyàn ni pé, èló lẹ mú wá? Kí oníbàárà má fi iye owó ṣe ìdáhùn àkọ́kọ́. Kí ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, i5 ìran kẹjọ tàbí èyí tí ó jù ú lọ ni mò ń wá, tí kò wọn ju kílò kan ààbọ̀ lọ, tí a ṣì lè fi RAM kún, ẹ bá mi tàn án kí n wo bátìrì rẹ̀.” Nígbà tí ó bá ti sọ èyí tán, ọlọ́jà yóò mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ohun tí òun ń wá ni ó dúró síwájú òun, owó tí wọ́n bá sì jọ ná láti ibẹ̀ lọ, orí ohun tí yóò wúlò ni wọn yóò ti máa ná an.