Àjèjì tí ó ti Ojú Ọ̀run wá

Àwa tí a ń gbé Àgọ́ Aláyè àti Orè níhìn-ín, létí ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Bìní, kò sí ọjọ́ kan tí àjèjì kì í sọ̀ kalẹ̀ láàrin wa. Nítorí náà kò ní ṣòro fún wa láti mọ ìdí irú ìtàn àròsọ kan tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn púpọ̀, èyí tí a gbé ka orí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí àwọn ẹ̀dá inú ayé mìíràn sì máa ń bọ́ sí ayé tiwa.

Èyí tí ó lókìkí jùlọ ni *The War of the Worlds*, tí H. G. Wells kọ ní 1898. Àwọn ará Máàsì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ohun ìjà tí ń jó ènìyàn di eérú. Ogun kò lè dá wọn dúró. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó pa wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà Wells rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí bí àwọn òyìnbó ṣe run àwọn ọmọ onílẹ̀ Tasmania.

Ohun tí ó jẹ́ àròsọ fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, ojú àwọn baba wa ti rí i. Ní 1841 àwọn òyìnbó wa ọkọ̀ wọ Odò Ọya, Samuel Ajayi Crowther sì wà pẹ̀lú wọn. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn, ìyókù sì padà. Ṣùgbọ́n ní 1854, nígbà tí Dókítà Baikie tún gun odò náà, tí Crowther sì tún bá wọn lọ, kuníìnì ni wọ́n ń lò, kò sì sí òyìnbó kan tí ibà pa. Ní 1861 Èkó bọ́ sí abẹ́ Ọbabìnrin Victoria. Ìtàn Wells parí síbi àìsàn. Tiwa kò parí síbẹ̀.

D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Ondó wa yìí, yí ọ̀ràn náà po nínú *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, tí C.M.S. tẹ̀ jáde ní 1938. Kì í ṣe ìtàn sáyẹ́ǹsì rárá. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọmọ ènìyàn gan-an ni àjèjì: Àkàrà-ògùn ni ó gbé ìbọn wọ ilé ẹlòmíràn; Àgbákò tí ó bá jà wà nílé ara rẹ̀.

Àwa náà sì ti di àjèjì nínú sinimá. Ní 2009 Neill Blomkamp ṣe *District 9*: ọkọ̀ ńlá kan dúró sójú ọ̀run lókè Johannesburg, a sì kó àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ sínú àgọ́ onípáànù. Sinimá náà fẹ́ kí a ṣàánú wọn. Síbẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó fi ṣe ọ̀daràn àti ajẹran ẹ̀dá náà, ó sì pe olórí wọn ní Obesandjo! Ní oṣù September ọdún náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, mínísítà ètò ìròyìn, ní kí àwọn ilé sinimá má ṣe fi í hàn mọ́, kí ilé-iṣẹ́ Sony sì tọrọ gáfárà. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ní 2008, ọdún kan péré ṣáájú, ni a pa àwọn àjèjì ní ìgboro Johannesburg kan náà.

Ìwé tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kà ni *Rosewater*, tí ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Tade Thompson ni ó kọ ọ́, ọmọ Yorùbá, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì dàgbà ní Nàìjíríà. Nínú rẹ̀, ní ọdún 2066, àjèjì kan ti fìdí kalẹ̀ ní ilẹ̀ wa lábẹ́ òrùlé ribiti, ìlú sì ti dìde yí i ká. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún òrùlé náà a ṣí, a sì wo àwọn aláìsàn sàn; ẹ lè fojú inú wo èrò tí yóò wà níbẹ̀! Kò sí ogun, kò sí iná. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ohun àjèjì ń gba ipò ẹran ara àwọn ọmọ ènìyàn. Arọ tí ó ti ju ọ̀pá rẹ̀ nù, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé, ta ni nínú wa tí yóò dá a dúró lójú ọ̀nà láti sọ èyí fún un?