Dídi Abẹ àti Iṣẹ́ Mú Lórí Ẹ̀rọ Léèdì: Àlàyé fún Àwọn Tí Ń Fá Dúróòmù Bíréèkì

Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbìní gba Ore kọjá, níbi tí ọ̀nà Oǹdó ti pàdé rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá níbẹ̀. Èyí tí inú dúróòmù bíréèkì rẹ̀ kò bá tẹ́jú mọ́, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ léèdì ni mẹkáníìkì yóò gbé dúróòmù náà lọ fún fífá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Àgọ́ Aláyé àti gbogbo Odigbo tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni a ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin onímọ́tò tí ẹ ń sanwó rẹ̀.

Ẹnu dúróòmù ọkọ̀ akẹ́rù fẹ̀. Jíjìn rẹ̀ ni wàhálà. Ihò họ́ọ̀bù tí bẹ́árìn ń jókòó sí ni àyè ti há ní tòótọ́. Nínú méjèèjì, ọ̀pá tó gbé abẹ gbọ́dọ̀ nà wọlé, bí ó bá sì ti gùn jù, yóò máa gbọ̀n, ojú irin yóò sì rí ṣágiṣàgi. Ẹ wo bí èyí ti lágbára tó: bí gígùn tí ọ̀pá fi yọ síta bá di ìlọ́po 2, títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po 8. Bí ìnípọn rẹ̀ ló bá di ìlọ́po 2, títẹ̀ náà yóò dín kù sí ìdá 1 nínú 16. Nítorí náà, ọ̀pá tó nípọn jù lọ tí ihò lè gbà ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì fà á jáde níwọ̀n tí iṣẹ́ bèèrè nìkan. Ọ̀pá irin lásán kò yẹ kó yọ ju ìlọ́po 4 ìnípọn rẹ̀ lọ: mìlímítà 80 fún ọ̀pá mìlímítà 20. Ti kábáìdì lè dé ìlọ́po 6, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì máa ń ṣẹ́ bí ó bá já bọ́. A kò rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílò rẹ̀.

Ti dídi iṣẹ́ mú ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ 3 yá lọ́wọ́, nítorí pé gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ ń pa dé. Ṣùgbọ́n ara ìta dúróòmù, bí wọ́n ṣe dà á ló ṣe wà; ó lè má bá ihò àárín rẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó bá fi ara ìta yẹn ṣe òdiwọ̀n yóò fá a dán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé bíréèkì ń ta padà. Ihò àárín àti ojú tó ń jókòó lórí họ́ọ̀bù ni òdiwọ̀n tòótọ́. Lórí ṣọ́ọ̀kì ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń sún ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí a ó sì máa fi géèjì olójú aago yẹ ihò náà wò títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi dúró jẹ́ẹ́. Ó ń gba àkókò o, àmọ́ a fara mọ́ ọn. Ẹ má sì fún un jù: dúróòmù tó ti fẹ́lẹ́ yóò rí róbótó lórí ẹ̀rọ, yóò sì wọ́ nígbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀.

Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀kì kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, yóò fò jáde bí ọta ìbọn.

Ọ̀pọ̀ dúróòmù ni wọ́n kọ ìwọ̀n fífẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sí lára. Èyí tí fífá yóò bá mú kọjá rẹ̀, òmíràn ni kí ẹ rà. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ ní kí wọ́n wọn inú rẹ̀ lójú yín kí ẹ tó gbé e lọ, kí ti ọ̀tún àti ti òsì áàsìlì kan náà sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà.