Orúkọ àti Iṣẹ́: Àbá lórí Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Ọkọ̀ Afatẹ́gùntura

1. Ìfáárà

Ó ṣòro kí a rí àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ọkọ̀ tí à ń pè ní Ìjàpá. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn ti ń wà á ní Nàìjíríà ṣáájú àkókò náà. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Ìjàpá. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rìbìtì ni ó fún un lórúkọ. Orúkọ náà bá ìrísí rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìjàpá ní ìbátan kan tí eré rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ní 1948, ilé-iṣẹ́ Porsche lo ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara Ìjàpá láti ṣe ọkọ̀ ìsáré tí wọ́n pè ní Porsche 356. Porsche 911 ni ó rọ́pò rẹ̀. Ní 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ fi 911 han gbogbo ayé, ní Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, kò sì kúrò lórí atẹ́gùn bọ́ sórí omi pátápátá títí di 1998. Lónìí, ohun àtijọ́ olówó iyebíye ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀kan ní Lekki tàbí Ajah, ìwé ìtọ́jú rẹ̀ yóò jẹ́ ti èdè òkèèrè, mẹkáníìkì rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lórí ọkọ̀ olómi nìkan. Láàárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ ògbufọ̀ wà. Àbá tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé orúkọ tí ó bá sọ iṣẹ́ ohun èlò ni ó ń dáàbò bo ohun èlò náà.

2. Atẹ́gùn wo?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ojú pópó ni omi ń yí ẹ́ńjìnnì wọn ká, tí ó ń gba ooru ibẹ̀, tí ó sì ń lọ tú u dànù nínú rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì afomitura ni a lè pe irú èyí. Èkejì rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì afatẹ́gùntura. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi mọ́ àpólà-ìṣe “fi atẹ́gùn tu ara”. Ìpajẹ fáwẹ̀lì ni ó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kan. Orúkọ yìí sàn ju “ẹ́ńjìnnì aláìlómi” lọ, nítorí pé ohun tí kò sí nìkan ni èyí sọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ “aláìlómi” lè rò pé ẹnì kan ti gbàgbé láti bu omi sí i ni.

Síbẹ̀, a ní láti mọ irú atẹ́gùn tí à ń sọ. Atẹ́gùn ìrìn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, nítorí pé ìta gbangba ni ẹ́ńjìnnì náà wà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìnkùlé kì í rìn, ṣùgbọ́n ó ní abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Ti jẹnẹrétọ̀ ni ọkọ̀ wa yìí jọ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, lábẹ́ ọmọrí; bẹ́líìtì ń yí abẹ̀bẹ̀ ńlá kan tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara àwọn sìlíńdà. Nítorí náà, atẹ́gùn ṣì ń fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, bí ó tilẹ̀ dínkù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí. Àwọn àgbà ní bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. “Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì” ni ó yẹ kí a máa pe ohun èlò náà.

3. Iná pupa kan, ìtumọ̀ méjì

Iná pupa kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tí a sábà máa ń pè ní iná bátìrì. Bí ó bá tàn, ọ̀pọ̀ awakọ̀ a gbà pé ẹ̀rọ tí ń pèsè iná ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn a sì ronú pé bátìrì yóò gbé àwọn délé. Èrò yìí léwu púpọ̀ nínú ọkọ̀ afatẹ́gùntura.

Nínú Ìjàpá, abẹ̀bẹ̀ àti dínámò wà lórí ọ̀pá kan náà, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó sì ń yí àwọn méjèèjì. Bákan náà ni abẹ̀bẹ̀ Porsche 911 àti ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún un ṣe jọ ń lo bẹ́líìtì kan, kí irú tuntun tí ó ní bẹ́líìtì méjì tó jáde ní 1989. Bí bẹ́líìtì yìí bá já, iná pupa yóò tàn, atẹ́gùn yóò sì dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ tí ó gbọ́ “iná bátìrì”, tí ó sì ní kí òun rọra wà á láti Ajah dé Lekki, ẹ́ńjìnnì ni yóò fi jìyà àṣìṣe náà.

Nítorí èyí ni a fi dábàá “iná bẹ́líìtì”. Òótọ́ ni pé iná náà lè tàn kí bẹ́líìtì má já, kí ó jẹ́ dínámò nìkan ni ó ní àbùkù. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ń sọ ohun tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe: kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì lọ wo bẹ́líìtì.

4. Páànù, ọ́ìlì àti “tutù”

Àwọn páànù kan yí ẹ́ńjìnnì ká, rọ́bà sì dí etí wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti ya atẹ́gùn tútù òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ooru ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá tú ẹ́ńjìnnì, tí ó sì rò pé páànù lásán ni wọ́n, lè má dá wọn padà. Abẹ̀bẹ̀ yóò wá máa fa atẹ́gùn gbígbóná padà sórí àwọn sìlíńdà. Bí a bá ń pè wọ́n ní “páànù adarí-atẹ́gùn”, yóò ṣòro kí a jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Epo” kò yẹ nínú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ epo bẹntiróòlù. “Ọ́ìlì” ni kí ògbufọ̀ lò. Ọ́ìlì ń bá atẹ́gùn pín iṣẹ́ ìtura ṣe. Lítà 2.5 péré ni Ìjàpá ń gbà, asẹ́ lásán ni ó sì ń sẹ́ ẹ. Nígbà tí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ni à ń wọn ọ́ìlì rẹ̀. Inú àgbá ọ̀tọ̀ ni ti Porsche 911 wà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná, kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a tó wọ̀n ọ́n. Bí a bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú, yóò dà bíi pé ọ́ìlì ti dínkù, ẹni náà yóò sì rọ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà “tutù” pẹ̀lú ní ìtumọ̀ méjì: ohun tí kò gbóná, àti ohun tí omi ti rin. Ìwé ìtọ́jú Ìjàpá ní kí àlàfo fáàfù jẹ́ mìlímítà 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. “Ẹ́ńjìnnì tí ó ti sinmi mọ́jú” ni ìtumọ̀ tí kò ní runi lójú.

5. Iyọ̀ òkun

Àárín ọ̀sà àti òkun ni Lekki àti Ajah wà. Atẹ́gùn tí ń tu ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ náà ni ó ń gbé iyọ̀ wá ba irin jẹ́. Àwọn Porsche 911 tí wọ́n ṣe ṣáájú irú ti 1976 kò ní ààbò síńkì ní gbogbo ara, wọ́n sì tètè ń dógùn-ún. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì wà lára ibi tí ó kọ́kọ́ ń jẹrà. Fífi omi tí kò ní iyọ̀ fọ abẹ́ ọkọ̀, àti yíyẹra fún àgbàrá òjò, wà lára ìtọ́jú rẹ̀.

6. Ìgúnlẹ̀

Láti 1970 ni Ifẹ̀ ti fi hàn, nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ilé ìtọ́jú ọkọ̀ pẹ̀lú yẹ ní ohun tí à ń kà sí. Kò sí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò bíi bẹ́líìtì àti sìlíńdà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n níbi tí àṣìṣe ti lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, kí orúkọ sọ iṣẹ́.