BÍ Ẹ̀RỌ TI Ń DÁ ẸNI MỌ̀ NÍPA ÀWỌN ALÁBÀÁRÌN RẸ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Lórí irú èrò yìí ni a gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní graph neural network. Àwa fẹ́ ṣe àlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí òwe náà kò ti bá a mu.

Ẹ fi ojú inú wo àwọ̀n apẹja. Kókó kọ̀ọ̀kan dúró fún ènìyàn kan tàbí ohun kan. Okùn tí ó so kókó méjì pọ̀ dúró fún àjọṣe àárín wọn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni láti mọ irú èyí tí kókó kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ní ọdún 2017, Thomas Kipf àti Max Welling ti Yunifásítì Amsterdam gbé ọ̀nà kan jáde tí ó di gbajúmọ̀. Kókó a gba ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀, a pò ó pọ̀ mọ́ ti ara rẹ̀ di ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa jọ àwọn tí ó yí i ká. Láàrin àwọn ìwé ìmọ̀ tí ń tọ́ka sí ara wọn, èyí dára púpọ̀, nítorí ìwé ìṣègùn a sábà máa tọ́ka sí ìwé ìṣègùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àjọṣe ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa jìbìtì ní ọjà gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àwọn oníjìbìtì kì í sábà bá ara wọn ṣòwò. Àwọn agbódegbà ni wọ́n ń bá ṣe é, àwọn wọ̀nyí a sì máa bá olóòótọ́ ṣòwò kí orúkọ wọn lè dára. Bí ọ̀nà àkọ́kọ́ nì bá ṣe ìdájọ́ níhìn-ín, ìwà oníjìbìtì lè pòórá nínú ti àwọn tí ó yí i ká, bí ìkúnwọ́ iyọ̀ nínú odò. Olóòótọ́ sì lè gba àbùkù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọdún 2020, Jiong Zhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà mẹ́ta kalẹ̀. Èkíní, kí a má ṣe po ẹ̀rí kókó fúnra rẹ̀ mọ́ ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Èkejì, kí a wo aládùúgbò aládùúgbò pẹ̀lú, nítorí lẹ́yìn agbódegbà ni a ti lè rí oníjìbìtì mìíràn. Ẹ̀kẹta, kí a pa ohun tí a mọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́, kí a tó gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò ní ìkẹyìn.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Ní ọdún 2022, Yao Ma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà àtijọ́ náà lè ṣe dáadáa bí ìyàtọ̀ bá ní ètò. Bí olùkọ́ bá ń bá akẹ́kọ̀ọ́ nìkan sọ̀rọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bá olùkọ́ nìkan sọ̀rọ̀, ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ yí ká, olùkọ́ ni. Níbi tí àdàlù kò bá ní ètò ni ìdàrúdàpọ̀ wà.

Nítorí náà, níbikíbi tí a bá fi irú ẹ̀rọ yìí ṣọ́ owó tàbí orúkọ ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a béèrè bóyá ó gbọ́ ẹ̀rí ẹni náà fúnra rẹ̀, tàbí ti aládùúgbò rẹ̀ nìkan. Ìdájọ́ tí kò bá ya ẹ̀rí méjèèjì sọ́tọ̀ lè dá olè láre, kí ó sì dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi.