Ológbò Sítọ́ọ̀ Wa àti Oògùn Ènìyàn

Bí a bá ń ṣírò àgbàdo tí eku bà jẹ́ ní sítọ́ọ̀, a kì í rántí ka ológbò mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa, bóyá nítorí pé kì í gba owó oṣù. Oògùn tí à ń fi ọwọ́ ara wa pa á ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú sítọ́ọ̀ wa rí i pé ara ológbò òun gbóná. Ó dá Panadol kan sí méjì, ó fi ìdajì há inú ẹja fún un. Àánú ló ṣe é. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú àti ẹsẹ̀ ológbò náà ti wú, èrìgì rẹ̀ ti dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, ó sì ń mí gúlegúle. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú oògùn palẹ̀ nínú ara. Paracetamol ni oògùn tó wà nínú Panadol, ẹ̀dọ̀ ènìyàn sì ní èròjà tí ó fi ń sọ ọ́ di ohun tí yóò bá ìtọ̀ jáde. Èròjà yìí kò tó nǹkan rárá nínú ẹ̀dọ̀ ológbò. Oògùn náà á wá di májèlé: ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ̀dọ̀ pàápàá á sì bàjẹ́. Hóró kan ṣoṣo, ti mílígíráàmù 500, tó láti pa ológbò tó ti dàgbà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun yóò bù ú kéré. Kò sí ìwọ̀n tó yẹ ológbò. Aspirin náà máa ń pẹ́ nínú ara rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ti àná á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá tún fún un ní ti òní.

Oògùn tí dókítà ẹran kọ fún ológbò tí àìsàn rẹ̀ ti pẹ́ náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ní 1996, àwọn dókítà ẹran ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ológbò tí ẹ̀dọ̀ wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń gbé Diazepam mì fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, bí dókítà bá ní òun fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ológbò yín wò láti ìgbà dé ìgbà, ẹ má rò pé ó fẹ́ jẹ owó yín ni. Bí ó bá ń bì, tàbí tí funfun ojú rẹ̀ ń di àwọ̀ ìyeyè, ẹ tètè padà lọ.

Bí kò bá sì jẹun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa á ní, “Ebi á pa á, á jẹ.” Rárá o. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò ya lọ sínú ẹ̀dọ̀, yóò sì dí i pa. Àìjẹun nìkan lè pa á, kódà bí àìsàn àkọ́kọ́ bá ti lọ.

Bí ó bá ti gbé Panadol mì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú páálí oògùn náà dání. Oògùn kan wà, acetylcysteine, tó lè gbà á sílẹ̀ bí a bá tètè dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Kò lè pa májèlé yìí, ó sì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ.